Àwọn Tó Bá Wa Ṣètò Ìrìn-àjò Ọkọ̀ Wíwà Nínú Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú oṣù Kejì ọdún 2024 ni èmi àti ìyàwó mi gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní òpópónà Fate, nílùú Ìlọrin, lọ bá àwọn kan tó máa ń bá ènìyàn ṣètò ìrìn-àjò. Ohun tí a bá lọ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. A kò fẹ́ lọ wo Lọ́ńdọ́ọ̀nù, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wa sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ogójì àlejò. A fẹ́ yá ọkọ̀, kí a wà á fúnra wa, kí a sì máa rìn nínú ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ń lọ láti Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán, tó lè dúró níbi tó bá wù ú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó mi fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Òmù-Àrán. Àìmọye ìgbà ló ti fi ẹfun ya àwòrán àfonífojì tí omi dídì gbẹ́ láyé àtijọ́ sára pátákó, tó sì ṣàlàyé bí adágún ṣe ń kún inú rẹ̀, kò sì tíì fojú kan ọ̀kan rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo ṣèlérí fún un pé a ó lọ wò ó.

₦220,000 ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ wọn, yàtọ̀ sí owó físà, owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé tí a sùn àti owó ọkọ̀ tí a yá. Nínú rẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà lórí ìwé físà, ètò ojoojúmọ́, wíwá ilé tí a ó dé sí àti ohun kan tí wọ́n pè ní ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ọ̀nà òsì. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí pé nínú àṣìṣe méjì tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, wọ́n ti tún ọ̀kan ṣe kí a tó kúrò nílé, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò tún èkejì ṣe.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà nínú ètò tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá. Fún ọjọ́ méjìlá péré, ìlú àti agbègbè méje ni wọ́n tò sórí ìwé: Stonehenge, Cornwall, Cotswolds, Peak District, Lake District, York àti Cambridge. Ọjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a ó jí ní St Ives, ní ìpẹ̀kun Cornwall lápá ìwọ̀-oòrùn, tí a ó sì sùn ní Windermere, lókè àríwá. Ìrìn náà ju máìlì 350 lọ. Ìyàwó mi wo ìwé náà títí, ó ní kí wọ́n fún òun ní bíró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó tò ó kò bínú. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iye ìlú ni àwọn oníbàárà wa sábà máa ń kà. Bí a bá kọ mẹ́ta, wọ́n á ní a ò ṣiṣẹ́.” Ìyàwó mi dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ojú títì nìkan ni ẹ óò fi hàn wá báyìí. Ìgbèríko la fẹ́ rí.”

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìrìn-àjò yìí mú lọ sílé kò ju èyí lọ. Máàpù orí fóònù lè sọ pé ìrìn kan kò ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ẹ óò dúró de àgùntàn, kò mọ̀ pé ẹ óò fi ẹ̀yìn rìn nítorí katakata tó ń bọ̀, kò sì mọ̀ pé ẹni tó ń wakọ̀ ń fi gbogbo ọpọlọ rẹ̀ rántí pé ọwọ́ òsì ni òun gbọ́dọ̀ wà. Ní ojú ọ̀nà olójú kan lẹ́yìn ìlú, ẹ óò rí àmì róbótó funfun tí ìlà dúdú kan dábùú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òfin gbà yín láàyè láti sá máìlì 60 ní wákàtí kan. Ọ̀nà mìíràn tó ru àmì yìí kò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ, ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tó ga ju orí ọkọ̀ lọ wà lọ́tùn-ún àti lósì, kọ́ọ̀nà sì wà níwájú tí ẹ kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, a kò sá ju máìlì 25 lọ. Ẹni tó bá fi 60 ṣe ìṣirò ọjọ́ rẹ̀, alẹ́ ni yóò máa bá a lọ́nà lójoojúmọ́.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti tún un tò pátápátá. A sùn ní alẹ́ kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Heathrow, a lo alẹ́ mẹ́ta ní Cotswolds, mẹ́rin ní Lake District, méjì ní Yorkshire Dales, a sì dá ọkọ̀ padà ní Leeds, a wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Èrò dídá ọkọ̀ padà sí ìlú mìíràn yìí, tiwọn ni, ó sì dára púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó yá wa lọ́kọ̀ gba owó díẹ̀ lé e. Bákan náà ni wọ́n fi dandan lé e pé a kò gbọdọ̀ gba ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, pé kí a sùn, kí a jẹun, kí a tó jókòó sídìí ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n kàn fẹ́ ná wa lówó hòtẹ́ẹ̀lì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo rí ráńdábáọ̀tù àkọ́kọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ọkàn mi.

Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe gbé ọkọ̀ náà wọ àárín Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí ènìyàn ti ń sanwó kí ọkọ̀ rẹ̀ tó rìn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni òfin owó èéfín ọkọ̀ ti gba gbogbo Lọ́ńdọ́ọ̀nù ńlá kan, £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀. Ọkọ̀ àyálò sábà máa ń jẹ́ tuntun tí òfin náà kò mú, ṣùgbọ́n kí ènìyàn béèrè kó tó buwọ́ lùwé ló dára.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, torí pé òun ló tó owó tí a san. Ọdún 1972, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti ń wakọ̀ nígbà náà ṣì máa ń sọ bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n. Èmi kò tíì mọ ọkọ̀ wà nígbà yẹn, ọ̀tún nìkan ni mo mọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀gá wọn kó èmi àti tọkọtaya mìíràn lọ sí pápá ńlá kan lẹ́yìn Tanke, ó ti fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, ó to táyà àlòkù yíká láti fi ṣe ráńdábáọ̀tù. Fún wákàtí mẹ́ta, ohun kan náà ni a ń ṣe: a wọlé láti apá òsì, a dúró kí ọkọ̀ tó ń ti ọwọ́ ọ̀tún wa bọ̀ kọjá, a yípo bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, a jáde. Ní Geri Alimi àti ní gbogbo oríta Ìlọrin tí a mọ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ọ̀gá náà kò jẹ́ kí á sọ pé ó ti yé wa. Ó ní kí a máa ṣe é títí ojú wa yóò fi máa wo ọwọ́ ọ̀tún fúnra rẹ̀.

Ó tún kọ́ wa ní àwọn nǹkan tí ìwé kì í sábà kọ́ni. Ó ní àṣìṣe tí àwọn ará ilé wa máa ń ṣe jù níbẹ̀ ni pé táyà òsì máa ń gbá etí títì, torí pé ara ọkọ̀ wà lápá ibi tí ojú kò ti mọ́ wọn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdójútòfò ọkọ̀ àyálò kì í sábà bo táyà àti gíláàsì. Ó kọ́ wa pé ojú ọ̀nà tóóró máa ń ní àyè kékeré ní ẹ̀gbẹ́ fún ọkọ̀ láti yà fún ara wọn. Bí àyè náà bá wà lápá òsì yín, ẹ yà sínú rẹ̀. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ dúró ní ọ̀gangan rẹ̀ kí ẹlòmíràn yà sínú rẹ̀, ẹ má ṣe dábùú ọ̀nà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tó ń gòkè ni kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ yà fún. Ẹni tí wọ́n bá yà fún gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè láti dúpẹ́. Fèrè ọkọ̀, tí àwa fi ń kí ara wa, ìbínú ni àwọn ará ibẹ̀ kà á sí. Bí ènìyàn bá ń gun ẹṣin lọ lójú ọ̀nà, a kò gbọdọ̀ sá ju máìlì 10 ní wákàtí kan lọ nígbà tí a bá ń kọjá lára rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi àyè mítà méjì ó kéré tán sílẹ̀. Nílé epo, fúnra ẹni ni ènìyàn ń bu epo: ọwọ́ ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé ni bẹntiróòlù, dúdú ni dísẹ́ẹ̀lì. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo yẹn yóò gba ẹ́ńjìnnì ẹni púpọ̀ là.

Cotswolds ni ibi tí a kọ́kọ́ dé, tó jìnnà sí Heathrow tó nǹkan bí máìlì 80. Gbogbo ilé ibẹ̀ ni wọ́n fi òkúta aláwọ̀ oyin kọ́, bí oòrùn bá tàn sí i nírọ̀lẹ́ ó dà bíi pé iná ń jó nínú ògiri. Ní abúlé Bibury ni ìlà àwọn ilé kan tí wọ́n ń pè ní Arlington Row wà. Ilé ìkó irun àgùntàn sí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, lẹ́yìn náà, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n sọ ọ́ di ilé àwọn ahunṣọ. Níwájú ilé náà ni odò Coln ń ṣàn, pápá tútù kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń sá aṣọ sí láyé àtijọ́ kó gbẹ. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ìdílé àwọn ahunṣọ ni ìyá mi ti wá ní Òkèléle, ìró òfì ni mo fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò sì tíì ronú rí pé ìlú kékeré kan wà lókè òkun tí ìró òfì ti jí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ dùn mí. Tiwọn ti dákẹ́, àwọn àlejò ló ń ya fọ́tò ògiri rẹ̀. Tiwa ṣì ń dún lónìí, kò sì sẹ́ni tó tò ó sínú ìwé ìrìn-àjò kankan.

Àwọn tó ṣètò fún wa ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a dé Bibury kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, torí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí kò pọ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn àlejò sì máa ń kún ojú ọ̀nà tó bá yá. Òótọ́ ni. Nígbà tí a ń jáde ní aago mẹ́wàá kọjá, ọkọ̀ ti fa ìlà gígùn létí afárá. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ìlà ìyeyè méjì létí títì túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ síbẹ̀, bó ti wù kí àkókò náà kéré tó.

Lake District, tí àjọ UNESCO fi sára àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2017, ni ìyàwó mi ti sunkún. A gba Kirkstone Pass, ọ̀nà kan tó gba orí òkè, kọjá láti Ambleside, nígbà tí a sì dé orí rẹ̀, a rí àfonífojì gbọọrọ níwájú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúró ṣánṣán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí abọ́, adágún sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Bí mo ṣe ń yà á gẹ́lẹ́ nìyí.” N kò ní ohun tí mo lè fi kún un.

Àgùntàn Herdwick ló kún orí àwọn òkè náà. Dúdú ni wọ́n ń bí wọn, wọ́n á wá máa di aláwọ̀ eérú bí wọ́n ti ń dàgbà. Kò sí ọgbà lórí òkè, síbẹ̀ agbo kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀, torí pé abo àgùntàn ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ògiri òkúta tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ńtì kan mú un ló pín oko láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àgùntàn náà máa ń sùn sójú títì, wọn kì í sì í dìde fún ọkọ̀. Ẹni tó bá ti dúró de màlúù àwọn darandaran rí láàárín Ìdọ̀fìàn sí Àjàṣẹ́ yóò mọ sùúrù tó gbà.

Ní agbègbè yìí ni ìtúntò ètò náà ti gbà wá lọ́wọ́ ewu. Ìwé àkọ́kọ́ ní kí a gba Hardknott Pass lọ sí Eskdale, torí pé òun ló kúrú jù lórí máàpù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Níbi tó ti le jù, bí ọkọ̀ bá rìn mítà mẹ́ta síwájú, yóò ti gun nǹkan bí mítà kan sókè, kọ́ọ̀nà rẹ̀ sì ká bí ejò. Ọkùnrin onílé tí a wọ̀ sí sọ fún wa pé àwọn awakọ̀ àdúgbò mìíràn pàápàá máa ń yẹra fún un nígbà òjò. Kò yẹ kí ó wọ inú ìwé ẹni tó ń wakọ̀ lápá òsì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ rárá.

Àṣìṣe kejì kò ṣe é túnṣe ní Ìlọrin, torí pé ibi tí a ti máa gba ọkọ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ ní Ìlú Ọba sábà máa ń di owó ìdógò mọ́ káàdì kírẹ́díìtì, orúkọ awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà lára káàdì náà. Káàdì ATM lásán ni mo mú dání. Wọn kò gbà á. Wákàtí mẹ́ta ni a fi jókòó síbẹ̀, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé nílùú Reading tó dé, kí ó fi káàdì rẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n wá kọ èmi sí awakọ̀ kejì pẹ̀lú owó tí a kò fi sínú ìṣirò. Bí n kò bá ní ẹbí nítòsí, ìrìn-àjò náà ì bá parí síbẹ̀. Ìwé ojú-ewé mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa, kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ káàdì. Mo sọ fún wọn nígbà tí a dé pé èyí wúwo ju àwọn ìlú méje tí wọ́n tò lọ, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún kù díẹ̀ káàtó, pàápàá fún ọ́fíìsì tó wà ní Ìlọrin, tí púpọ̀ nínú oníbàárà rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ìparí oṣù Kẹfà ni a wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi kù díẹ̀, ojú ọ̀run kì í sì í ṣókùnkùn tán títí ilẹ̀ fi mọ́. Àkókò Màgàríbì, Ìṣáì àti Àsùbáà wá sún mọ́ ara wọn débi pé ẹni tó ń wakọ̀ lójúmọmọ kò rí oorun sùn dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún wa pé kí a béèrè lọ́wọ́ àlùfáà kí a tó lọ, bí mo ṣe padà fi fóònù béèrè. Ní ti oúnjẹ, ẹja àti ẹ̀wà ni a ń jẹ nínú àwọn abúlé, a kò rí ẹran halal títí a fi dé Bradford ní ọjọ́ tí a ń lọ sí Leeds.

Ní ti Yorkshire Dales, òjò kò jẹ́ kí a rí púpọ̀, mi ò sì ní fi èyí tí mo rí dá ibẹ̀ lẹ́jọ́.

Bí mo bá wo gbogbo rẹ̀, mo fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn lọ bá wọn, mo sì fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wọn dára ju ohunkóhun tí mo lè fojú inú wò lọ, iṣẹ́ wọn lórí físà mọ́, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá wọn wí. Ìwé tí ìyàwó mi fi kọ iye wákàtí gidi tí a lò lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì wọn, tọkọtaya kan láti Ọ̀fà sì ti lò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kẹfà, kí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kejì, torí pé ilé ìtura àwọn abúlé kéré, wọ́n sì máa ń tètè kún. Kí ó mú láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ Nàìjíríà rẹ̀ tí kò tíì parí iṣẹ́ dání, torí pé òfin gba àlejò láàyè láti fi wakọ̀ níbẹ̀ fún oṣù méjìlá, kí ó sì béèrè bóyá àwọn tí yóò yá a lọ́kọ̀ fẹ́ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé mọ́ ọn. Bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ó sì fi ọwọ́ òsì yí jíà, kí ó sọ ní kedere pé ọ̀tọmátíìkì ni òun fẹ́. Kí ó tó kúrò nínú ọ́fíìsì náà, kí ó ní kí wọ́n kọ irú káàdì tí wọn yóò gbà sílẹ̀ fún òun.